Ìwé Tòkunbọ̀ Nípa Ogun Òyìnbó: Ibi Tí Orúkọ Wa Wà àti Ibi Tí Kò Sí

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé kí ni onímọ̀ èdè ń fi ìwé ogun ṣe. Ẹ ní ìwé gírámà ló yẹ kó kún ilé mi, kì í ṣe ìtàn àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ti kú tipẹ́. Ìbéèrè náà dára. Lónìí mo fẹ́ dáhùn rẹ̀, kí n sì sọ ìdí tó fi yẹ kí ẹ̀yin náà máa ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá rí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ohun tí ẹlòmíràn ti lò kó tó dé ọwọ́ wa, àlòkù là ń pè é. Tí àlòkù náà bá wá ti òkè òkun dé, a ní orúkọ mìíràn fún un: tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí wọ́n wá gbé wálé ni wọ́n ń sọ ní Tòkunbọ̀, kó tó di pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá a pín orúkọ náà. Ìwé tí mo ń sọ yìí, tòkunbọ̀ ni lọ́nà méjèèjì. Òyìnbó ti kà á tán kó tó kàn mí. Ìtàn tó wà nínú rẹ̀ náà sì dà bí ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé wálé.

Orúkọ tí à ń pè tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀

Ẹ wo orúkọ àwọn bárékè wa. Ní Ìbàdàn, Letmauk wà ní Mókọ́lá. Ní Èkó, Myohaung wà ní Yábàá, Arakan wà ní Àpápá, Dodan sì wà ní Ìkòyí, níbi tí àwọn ológun ti ṣe ìjọba lé wa lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kàdúná, Kalapanzin àti Dalet wà níbẹ̀. Awakọ̀ ń pè wọ́n, kọ̀ńdọ́ ń pè wọ́n, ọmọ tí wọ́n bí sínú bárékè fi wọ́n ṣe àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé èdè wo ni Letmauk. Àwọn kan á ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn kan á ní àfi kó jẹ́ Haúsá.

Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, ni gbogbo wọn ti wá. Arakan ni ẹkùn tó wà létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Rakhine ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Odò ni Kalapanzin. Letmauk, Dalet àti Dodan jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn ará Jàpáànù wọ̀yá ìjà nínú Ogun Hítílà. Marda, tí òun náà jẹ́ orúkọ bárékè ní Yábàá, ti Etiópíà wá ní tirẹ̀: ọ̀nà tóóró kan láàárín òkè ni, nítòsí Jijiga, tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì ní oṣù kẹta ọdún 1941. Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, wọ́n ti wọ Mogadishu.

Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni Myohaung. Lédè Bọ́mà, *myo* ni ìlú, *haung* sì ni ohun àtijọ́. Ìlú Àtijọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba Arakan kí àwọn ará Bọ́mà tó ṣẹ́gun wọn ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Old Oyo, kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí bí olú-ìlú ṣe ń tú tí ọ̀rọ̀ “àtijọ́” á sì wá lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1945 ni àwọn ọmọ ogun wa gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù. Nítorí náà, ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú dánfó ní ẹnu ọ̀nà bárékè yẹn ní Yábàá, ẹnu ọ̀nà Ìlú Àtijọ́ ló bọ́ọ́lẹ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Níbo ni mo ti rí gbogbo èyí kó jọ? Kì í ṣe nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé. Inú ìwé àlòkù ni: *The History of the Royal West African Frontier Force*, tí Haywood àti Clarke kọ, tí Gale and Polden ní Aldershot tẹ̀ jáde ní 1964. Ọ̀gá ológun làwọn méjèèjì. Wọn ò kọ ọ́ fún wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ti sìn ní Áfíríkà ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tó fi máa jáde, Nàìjíríà ti gba òmìnira, ẹgbẹ́ ogun tí ìwé náà ń sọ ìtàn rẹ̀ sì ti tú ká. Síbẹ̀, ẹ mú un kúrò nílẹ̀, ẹ wá wo iye orúkọ bárékè wa tí a ó lè túmọ̀.

Bí ìwé wọ̀nyí ṣe ń di àlòkù

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í jagun kí wọ́n má kọ ọ́ sílẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ìwé tí wọ́n sábà máa ń kọ. Èkíní ni ìtàn ẹgbẹ́ ogun kan ṣoṣo, irú ti Haywood àti Clarke yẹn. Èkejì ni ìrántí ọ̀gá ológun: Slim, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún ẹgbẹ́ ogun kẹrìnlá ní Bọ́mà, kọ *Defeat into Victory* ní 1956, Charles Carfrae, tó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sẹ́yìn àwọn ọ̀tá, kọ *Chindit Column* ní 1985. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kọ. *The War Against Japan*, tí Kirby ṣe olórí àwọn tó kọ ọ́, jẹ́ apá márùn-ún, láti 1957 sí 1969.

Ìwé báyìí kì í kúrò nílé ológun nígbà tó bá wà láàyè. Ìgbà tó bá kú, tí àwọn ọmọ fẹ́ ta ilé, ni wọ́n á pe oníṣòwò ìwé àlòkù wá. Ìlú kékeré kan wà ní Wales, létí ààlà England, tí wọ́n ń pè ní Hay-on-Wye. Richard Booth bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé àlòkù níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, títí ìwé fi di ohun tí gbogbo ayé mọ ìlú náà mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1977, Booth pe ara rẹ̀ ní ọba ìlú ọ̀hún. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọjà ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun kan tó máa ṣe ẹ̀yin tó wà ní ìlú òyìnbó láǹfààní. Tí ẹ bá ń wá ìwé nípa sójà wa, ẹ má dúró sí ibi tí wọ́n kọ “Africa” sí. Ìwé nípa àwọn ẹranko àti àwọn arìnrìn-àjò lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kó ìwé ogun sí, kí ẹ wo Bọ́mà. Lójú ẹni tó to ìwé náà, Bọ́mà ni ìtàn yẹn, kì í ṣe Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ọ̀wọ̀ àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló sùn síbẹ̀, láàárín ìwé nípa ọkọ̀ ogun àti ìwé nípa Ṣáínà.

Nílé níbí, ẹ̀gbẹ́ títì ni tèmi, ní Yábàá àti ní Ìbàdàn, lórí tápólì tí wọ́n tẹ́ ìwé sí. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo rà báyìí ní òǹtẹ̀ ilé ìkàwé kan ní orílẹ̀-èdè yìí lára, káàdì tí wọ́n fi ń yá a sì ṣì wà nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnì kan ti pinnu pé kò wúlò mọ́. Ẹni tó tà á fún mi ń fi irú rẹ̀ wọn kílò fún àwọn tó ń dí ẹ̀pà. Mi ò ní dárúkọ ilé ìkàwé náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá dé lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀pà ni ǹ bá fi jẹ ẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Ẹ wo bóyá máàpù inú rẹ̀ pé, torí àwọn tó ń gé máàpù tà lọ́tọ̀ pọ̀. Ẹ wo bóyá atọ́ka orúkọ wà lẹ́yìn ìwé náà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: ìwé tó ti gba omi rí kì í fi bọ̀, ó sì lè kó bá àwọn tó kù nílé. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ogun gan-an máa ń fúyẹ́, bébà rẹ̀ a sì ti pọ́n, torí láti 1942 ni àwọn atẹ̀wé ti fọwọ́ sí àdéhùn láti máa ṣọ́ bébà ná. Irú èyí kì í fẹ́ oòrùn rárá. Tí ẹ bá mú un délé, ẹ má gbé e ti ara ògiri. Ikán kò mọ ọ̀gágun yàtọ̀ sí kúrúùtù.

Ẹ ti ẹ̀yìn ka ìwé náà

Mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì pé ọ̀rọ̀ tí èdè kan kò ní náà ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ogun. Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣí ni atọ́ka orúkọ. Ẹ ó rí àwọn ọ̀gá òyìnbó níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú oyè wọn àti lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, títí dórí ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá tí kò pẹ́ níbẹ̀ ju oṣù díẹ̀ lọ. Àwọn sójà wa ńkọ́? Iye ni tiwọn. Báyìí ló kú, báyìí ló fara gbọgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun gbọ́dọ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ.

Ẹ wo Belo Akure. Akọni ni nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ DCM, irú èyí tí wọn kì í fún ojo. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú onímọ̀ èdè wo orúkọ ọ̀hún. Belo ni orúkọ rẹ̀. Akúrẹ́ kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀; ìlú ni. Orúkọ méjì ni akọ̀wé òyìnbó máa ń fẹ́ kọ, nígbà tí ẹni tó wá gba iṣẹ́ sójà bá sì sọ ẹyọ kan, wọ́n á fi ìlú tó ti wá dí àlàfo tó kù. Bí ọ̀pọ̀ sójà ilẹ̀ yìí ṣe di ọmọ ìlú láìjẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Nínú àṣà tiwa, orúkọ lèèyàn fi ń mọ ilé, ìdílé àti oríkì. Ẹni tó bá ń wá bàbá bàbá rẹ̀ nínú ìwé, tó wá rí “Ìbàdàn” tàbí “Ìlọrin” níbi tó yẹ kí orúkọ ìdílé wà, kí ló fẹ́ dì mú?

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni “Hausa”. Láti àwọn ọdún 1860 tí gómìnà Glover ti kó ẹgbẹ́ ológun jọ ní Èkó ni orúkọ yìí ti di orúkọ iṣẹ́. Haúsá náà ni wọ́n wá fi ń pàṣẹ nínú Nigeria Regiment fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, tí òǹkọ̀wé kan bá ní “àwọn Hausa mi”, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ kíákíá. Èdè tó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ lè jẹ́ Haúsá, kí ẹni tó ń dá a lóhùn jẹ́ ọmọ Ọ̀ffà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kéré. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kọ́mọ́wẹ́ẹ̀tì gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Wọ́n gbà pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí, tàbí kó jẹ́ pé wọn kò ṣe ìrántí wọn rárá. Nínú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà yẹn náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà. Captain Downes tó bá wọn lọ kọ *With the Nigerians in German East Africa* ní 1919. Mo ní in. Ìwé tó dùn ni, ṣùgbọ́n “àwọn ọmọ Nàìjíríà” tó wà lára àkọlé rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó dárúkọ nínú rẹ̀ lọ fíìfíì.

Òṣùká

Mo tún máa ń wo àwòrán. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì tó lọ sí Bọ́mà, ìyẹn 81st Division àti 82nd Division, ní àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ti 81 jẹ́ aláǹtakùn, Ananse, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Akan, tó dà bí Ìjàpá tiwa. Ti 82 jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá.

Òṣùká, ẹ gbọ́! Ohun tí ìyá wa ń ká sórí kó tó gbé igbá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nípasẹ̀ àwọn aláàárù ni wọ́n fi ń jagun. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Ní àfonífojì Kaladan, tí 81 wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, kò sí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn ọmọ ogun náà fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíìpù láti Chiringa, nǹkan bí máìlì 75, gba orí òkè. Wọ́n sọ ọ́ ní West African Way. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí àwọn aláàárù ló sì ń gbé e kiri inú igbó. Ìbọn àgbétèéká, àpótí ọta, ẹni tó fara gbọgbẹ́: orí ni, ọrùn ni.

Ó wá yà mí lẹ́nu pé òṣùká wọn wà lára aṣọ ọ̀gágun, ó wà lára èèpo ìwé, orúkọ wọn kò sì sí nínú atọ́ka. Àmì wọn wọ ìtàn, àwọn fúnra wọn dúró síta.

Ìwé tó fèsì

Ẹnì kan fèsì ṣá. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta 1944, létí odò Kaladan, àwọn ará Jàpáànù ká wọn mọ́. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló ṣẹ́ kù nínú igbó. Àwọn ará abúlé kan tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí fi wọ́n pamọ́, wọ́n bọ́ wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù Kejìlá.

Ó délé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, *A Stroke of Unbelievable Luck*. Ìwé pẹlẹbẹ ni, kò tó ìdajì apá kan nínú ìwé Kirby. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni a ti rí orúkọ àwọn tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ojú ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Barnaby Phillips tẹ̀ lé ìtàn náà dé Bọ́mà, ó rí ìdílé tó fi í pamọ́, ó sì jíṣẹ́ ọpẹ́ tí bàbá náà rán sí wọn, kí Fadoyebo tó kú ní 2012. Ìwé ti Phillips, *Another Man's War*, jáde ní 2014. Biyi Bandele náà, tí bàbá rẹ̀ jagun ní Bọ́mà, ti kọ ìtàn àròsọ rẹ̀, *Burma Boy*, ní 2007.

Lórí pẹpẹ ìwé mi, mo fi ìwé Fadoyebo ti ìwé Kirby. Ọ̀kan ní máàpù, èkejì ní ènìyàn. Tí mo bá ka ti Kirby nìkan, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Tí mo bá ka ti Fadoyebo nìkan, mi ò mọ ibi tí odò náà wà, tàbí ìdí tí àwọn ọmọ ogun fi fi àfonífojì yẹn sílẹ̀ tí wọ́n tún fi padà wá. Ìdí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ká kó ìwé àwọn amúnisìn dànù nìyẹn. Kí la fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa? Kí la sì fẹ́ fi dá òǹkọ̀wé náà lóhùn?

Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀, Bàbá Bọ́mà ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n. Ọmọ ogún ọdún ní 1944 ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àpótí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé mìíràn: ìwé ìdásílẹ̀ ológun, fọ́tò, àmì-ẹ̀yẹ tí ọmọdé fi ń ṣeré. Nọ́ńbà sójà wà lára ìwé ìdásílẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà náà ló máa ń ya Belo kan sọ́tọ̀ kúrò lára Belo mìíràn.

Iṣẹ́ àmúrelé tí mo fẹ́ gbé fún yín kò le. Ẹ bèèrè nínú ilé yín bóyá ẹnì kan lọ. Tí ẹ bá rí orúkọ, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, oríkì ìdílé rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀ o, ẹ mọ̀ mí. Tí ẹ bá wá ní ọ̀kan nínú ìwé tòkunbọ̀ wọ̀nyí, ẹ kọ orúkọ náà sójú ewé funfun tó wà lẹ́yìn atọ́ka, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, torí yíǹkì máa ń jẹ bébà. Lọ́jọ́ tí ìwé náà bá tún di àlòkù, ẹni tó bá rà á á bá a níbẹ̀.

Ire o.